Ìṣẹ́jú Méje

Ọ̀sán ni, ilẹ̀ ṣú bí òru ní Bọ́sífíọ̀dù,
lókè téńté Nọ́wè lọ́hùn-ún.
Oòrùn nìkan ló gba ìsinmi oṣù méjì.
Tọ́hílìdì bọ́ bàtà rọ́bà sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì,
Sẹ́lífaráni tẹ̀ lé e, ìpẹ́ ẹja ṣì ń dán létí rẹ̀.

Ọ̀gá bu kọfí fún wọn.
Ó ní ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni,
ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́rin ènìyàn, lójoojúmọ́:
"Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀."

Tọ́hílìdì ti ṣírò rẹ̀.
Ó mú ìwé kékeré jáde: òtútù yàrá ìgé-ẹja,
àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin gbáko.
"Ẹja tó kú la ń da yìnyín bò, ọ̀gá.
Àwa ò tíì kú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò gbà.
Ó na bírò sí wọn kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpàdé.

Sẹ́lífaráni fa ìdérí rẹ̀, ìka kò gbọ́ràn.
Ó fi eyín fà á.
Bírò bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tẹríba wá a.
Ó pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀.
Ìgbà tó yọrí, ó ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún."
Tọ́hílìdì ní mẹ́wàá.
Wọ́n fà á títí kọfí fi tutù.

Méje ni wọ́n mú dé bá wa.
A wà nídìí ẹ̀rọ, a ò pàtẹ́wọ́;
ọwọ́ wo la fẹ́ fi pa á?