Iyanrìn Taisto

Ní Oulu, òkun ti dì gbagidi.
Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀,
ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí erékùṣù.
Ṣùgbọ́n ní àjà kẹta ilé aláwọ̀ ìyeyè,
òkun mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ dì:
ó gùn tó ibùsùn ọmọ ọwọ́,
ó jìn tó apá Irmeli dé ìgbọ̀nwọ́.

Taisto ló fi í sílẹ̀.
Ó kú ní oṣù kẹsàn-án, lójú oorun,
kò sọ nǹkan kan nípa owó, kò sọ nípa ilé.
Bébà pélébé kan ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì:
*Má tú iyanrìn dé ìdí.*

Irmeli kò gbọ́.
Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn,
tó mọ òórùn ọṣẹ bí ẹní mọ ohùn ọmọ,
ó rí èéhù pupa lójú iyanrìn,
ó rí ìlà dúdú tó sá pamọ́ sísàlẹ̀,
ó ní, “Nínú ilé tèmi? Rárá o.”
Ó ká apá aṣọ sókè, ó mú ṣíbí ọbẹ̀,
ó tú u bí adìyẹ ti í tan ààtàn.

Kí ló jáde? Òórùn.
Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ láti èèṣí.
Omi ṣú dẹ̀dẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja aláwọ̀ ọsàn méjèèjì
ti dojú ikùn sókè,
edé tó máa ń tọ́jú ẹnu wọn sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn
bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbàgbé síta.

Pihla wá láti ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
òun àti garawa rẹ̀. Kò bá a wí.
“Irmeli,” ló wí (báyìí ni ọmọdé ibẹ̀ ń pe àgbà),
“dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí.
Ibi tí atẹ́gùn ò dé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́,
àwọn kan tí ojú wa ò lè rí.
Wọ́n ń jẹ májèlé inú omi,
wọ́n ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́.
Òkè nìkan ni tiwa.”
Ó fi èékánná wọ̀n ọ́n: “Kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ.
Igun yìí lọ́sẹ̀ yìí. Tọ̀hún, ó di oṣù tó ń bọ̀.
Ìyókù, jẹ́ kí àwọn onílé gbálẹ̀ ilé wọn.”

Onílé wo?
Irmeli tẹjú mọ́ ọn títí, iyanrìn lásán ló rí.
Pihla ju edé dídì kan sínú omi.
Wọ́n dúró.
Iyanrìn mí.
Imú kan yọ níbí, imú kan yọ lọ́hùn-ún,
tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó ń gbóòórùn kiri.
Ìgbín ni! Méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá,
wọ́n ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.
Ìgbín tí kò mọ ìrì, tí kò mọ ewé kókò.
Iyọ̀ tó ń pa ìgbín tiwa,
òun gan-an ni omi ọmú wọn.

Láti ìgbà náà, Irmeli ń wọn iyọ̀ bí ẹni wọn oògùn.
Ó wọkọ̀ lọ sí Kempele lọ tọrọ ife iyanrìn alààyè kan
lọ́wọ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀;
ó gbé e sórí itan títí dé ilé,
ó sì bù ú lé òkè jẹ́jẹ́, kò bù ú sísàlẹ̀.
Ẹja ò tíì sí níbẹ̀. Kò kánjú.

Ní Sátidé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Taisto,
ó mú ìbọ̀wọ́ kan jáde, ẹyọ kan ṣoṣo,
ó tì í padà.

Bébà yẹn ṣì wà lára gíláàsì.
Bó bá ń nu gíláàsì, ńṣe ló ń nu ún yí i ká.