Bẹ́ẹ̀dì Kejì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì
lójú fèrèsé kékeré ní ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo.
Ẹni tó bá ti ra ìwé tán tí kò lè lọ mọ́,
tó ń fọwọ́ gbá irin fèrèsé, tó ń ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú,"
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún un:
"Owó tó ti wọ àpótí kì í jáde."
N kì í gbójú sókè tí mo bá ń sọ ọ́.

Lónìí èmi ni mo dúró níwájú tábìlì
nínú ọ́fíìsì kan ní Ògo-Olúwa,
ìwé ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ mi, láti Gánà dé Sẹ̀nẹ̀gà:
orúkọ méjì, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì.
Gbádébọ̀ kò lè lọ mọ́.

A ti dá a láti ọjọ́ tí a tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù dé Àpápá,
tí a jókòó lórí àpò kòkó, tí à ń wo ọkọ̀ funfun kan
tó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ.
Ó ní, "Akíntáyọ̀, èmi àti ìwọ yóò wọ èyí."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí a fi ọdún mẹ́sàn-án jà fún,
owó ilẹ̀ tí mo tà lọ́nà Ìkìrun,
la fi san án, díẹ̀díẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà ní Aṣúbíàrò
fi irin tútù lé e láyà, ó gbọ́, ó tún gbọ́,
ó ní, "Bàbá, ọ̀nà òkun jìn sí ọ̀dọ̀ mi."

Ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìrìnàjò, Ìbùkúnolú,
gbójú sókè wò mí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Ó ní bí a bá fagi lé e lónìí, ìdajì owó ló ń bọ̀;
bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ́bọ̀ kò ní bọ̀.
Bí mo bá sì fẹ́ dá lọ, owó bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ni màá san,
nítorí ọkọ̀ náà kò mọ èèyàn, yàrá ló mọ̀.
Mo bèèrè adójútòfò.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rà á?"
Mo wo bàtà mi.
Gbádébọ̀ ló ní ká rà á. Èmi ni mo ní ìfowóṣòfò ni.

"Àmọ́ a lè pààrọ̀ orúkọ, kó tó di Jímọ̀."

Mo gba Òkè-Fìà lọ bá a nílé, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu:
bí ẹnìkan ò lọ, ẹnìkejì náà ò lọ.
Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.
"Ta ni yóò wá ròyìn fún mi?"
Ó pe Dìmẹ́jì, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin,
tó ní ìwé ìrìnnà tó fẹ́ fi sá lọ sí Líbíà,
tí ìyá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ sínú ike gàrí.
Ọmọ tí fóònù rẹ̀ kì í dákẹ́ lóru!
Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́.

Gbádébọ̀ dìde, ó fọwọ́ ti ògiri wọlé,
ó mú àsíá aláwọ̀ ewé rẹ̀ jáde,
èyí tó fi ń yọ̀ǹda ọkọ̀, tí etí rẹ̀ ti já wuuru.
"Bó bá fẹ́ ṣí, kí o jù ú sókè.
Kò gbọdọ̀ ṣí kí n tó fún un láṣẹ."

Lọ́jọ́bọ̀ mo san owó ìpààrọ̀.
Ọmọbìnrin náà tẹ ẹ̀rọ, orúkọ ọ̀rẹ́ mi pòórá.
Mo gba rìsíìtì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bíi ti ibi iṣẹ́.
Níbi tí wọ́n kọ ẹrù sí, mo ní kó fi kún un:
àsíá kan.