Ọmọńlé ní Oulu

Aago mẹ́wàá ni oòrùn ń yọjú níbí lóṣù Kejìlá,
bí ajigbèsè tí wọ́n fà jáde láti inú yàrá;
kí n tó fọ ife kọfí mi tán, ó ti wọ̀.

Ọjọ́ tí Venla gbé àpótí dígí náà dé, yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀.
"Bàbá àgbà, oṣù mẹ́fà péré ni. Àwọn ológun kì í gba ọmọńlé."
Mo bẹjú wo inú rẹ̀: èèpo igi, ewé, àtùpà kékeré kan,
àti ẹ̀dá kan tí kò ní ìpéǹpéjú,
tí ó ń fi ahọ́n nu ẹyinjú ara rẹ̀
bí ẹni ń nu awò ojú.
Mo ní, "Erékùṣù wo ló ti wá?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Tampere ni wọ́n pa á, nínú ike bọ́tà."

Ó lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì:
Fọ́n omi láàárọ̀, fọ́n omi lálẹ́.
Ooru kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n márùndínlọ́gbọ̀n lọ.
Fi ẹfun ra ìrẹ̀ lára kí o tó jù ú sí i.
Má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló fàlà sábẹ́ "Má".

Ọwọ́ mi yìí, ọwọ́ ojú irin ni.
Ogójì ọdún ni mo fi ń fún bóòtù nínú òtútù;
kò kọ́ jẹ́jẹ́ níbì kankan.
Lọ́jọ́ kẹrin mo fi ìkánjú ṣí ìdérí.
Ìrù já. Ó ń jó lórí ewé, láìní ẹni tó ni ín.
Irú tirẹ̀ kì í hu òmíràn.

Mo pe Venla ní bárékè. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ó ṣì wà láàyè, àbí?"

Ọmọńlé: ọmọ inú ilé.
Orúkọ nìyẹn, kò tíì di òótọ́.
Ọmọ wo ló ń lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀
tí gìrìgìrì ẹsẹ̀ baálé ń já láyà?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò jẹun.
Mi ò bá a wí.
Nígbà tí a sin Lempi,
àwọn aládùúgbò ń gbé ọbẹ̀ ẹja wá, mo ń dà á fún ẹyẹ.
Ẹnikẹ́ni kò fipá là mí lẹ́nu.
Mo pa iná, mo fi súwẹ́tà Lempi bo ẹ̀yìn dígí,
mo jókòó, mo ń rọra mí.

Òru ọjọ́ kọkànlá ni mo gbọ́ ọ:
ahọ́n, tó, tó, bí omi tó ń kán,
lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gún pọ̀ mọ́ ẹfun.
Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, mi ò mira.
Nígbà tí mo tanná, ipa ahọ́n mẹ́ta wà nínú abọ́.
Mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà: mẹ́ta.

Ìrẹ̀ kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lánàá.
Ẹ̀yìn sítóòfù ló wà, ó ń han
bí ẹni pé oṣù Keje la wà.
Venla ní kí n wá a jáde, kó má baà jẹ aṣọ.
Mo ní mo ti ń wá a.