Ìwé Wákàtí

Ìwé wákàtí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti ká.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ wákàtí ni òfin ní kí n kó jọ
kí wọ́n tó jẹ́ kí n jókòó lápá ọ̀tún
nínú ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn láti Duluth lọ sí Bemidji.

Mo kó o jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà lẹ́yìn olóko:
igba wákàtí, mo ń fa àsíá ìpolówó ọtí
lókè etí adágún, lójú oòrùn, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀;
ẹgbẹ̀rún ó lé, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Fargo,
ká gbéra, ká balẹ̀, ká tún gbéra,
lórí oko àlìkámà kan náà
títí mo fi mọ iye igi tó wà níbẹ̀.
Igi mẹ́rin ni.

Ìyá mi béèrè lórí fóònù láti Ìkìrun:
"Àwọn ọkọ̀ tín-ín-tín yẹn, ṣé èèyàn gidi náà ni wọ́n ń gbé?"
Mo ní ẹ̀mí kan náà ló wà nínú wọn, Màámi.
"Owó oṣù ńkọ́?"
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi gé e.

Arvo Niskanen ló dán mi wò,
arúgbó tí òtútù ti jẹ orí ìka rẹ̀ méjì.
Aago méjì òru ní Minneapolis,
nínú yàrá tó ń fò láìkúrò nílẹ̀. Kọfí rẹ̀ ti tutù.
Ó yẹ ìwé mi wò, ó pa á dé.
Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí sọ ọ́:
aṣọ rẹ pọ̀ bíi ti àgbà, akísà rẹ dà?

Ó gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìyẹ́ mi.
Ọ̀pá ìdarí ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà mú.
Mo fà á mọ́ra. Ta ni kì í fa ohun tó ń já bọ́ mọ́ra?
Ilẹ̀ dé. Iná pupa. Kẹ́kẹ́ pa.
"Lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo tún fà á. Mo tún kú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kú kí aago mẹ́ta tó lù.

Nígbà kẹrin ó ní: "Nílùú yín, báwo lẹ ṣe ń kí àgbà?"
Mo ní ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀.
"Jẹ́ kí imú ọkọ̀ kí ilẹ̀ nígbà náà.
Ohun tó ń ṣubú, tó tún ń gbéraga, ó tán nìyẹn."
Mo ti ọ̀pá síwájú. Afẹ́fẹ́ padà sábẹ́ ìyẹ́
bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Oṣù kìíní, ọdún kejì. Yìnyín ń rọ̀ lójú ọ̀nà Bemidji.
Tollefson ni ọ̀gá awakọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
orí àga pápákọ̀ ló sùn mọ́jú,
ilé ìtura ju ohun tí àpò rẹ̀ gbé lọ.
Èèyàn mọ́kànlélógójì lẹ́yìn wa. Ẹnì kan ń béèrè omi.
Ìyẹ́ ń wúwo díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ òfì tí omi mu.

Ọ̀pá gbọ̀n.

Mo rí ọwọ́ Tollefson tó fẹ́ fà.
"Tì í," ni mo wí. Kò sí àyè fún "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá".
Ọwọ́ wa méjèèjì tì í.
Ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ilẹ̀ tí a ò rí,
ẹ̀rọ méjèèjì ké, mo ń ka ẹsẹ̀ bàtà tó ń dín kù,
mo ń kà, mo ń kà,
ó dìde.

Ẹni tó béèrè omi gba omi.

Tollefson ra kọfí méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi,
ọwọ́ rẹ̀ ò tíì yé gbọ̀n. Tèmi náà.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Duluth sí Bemidji,
wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Ìlà kan ṣoṣo, kò fẹ̀ ju ìlà ọjọ́ àsíá ọtí lọ.
Ẹni tó bá ń ṣírò á kàn rò ó mọ́ ìyókù.
Mo ya etí ojú ewé náà díẹ̀,
kí n lè mọ ibi tí akísà mi ti bẹ̀rẹ̀.