Ẹyin Tó Yẹ Kó Di Ojú Ọ̀run

Awọ ọmọ màlúù ni ìwé náà.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀
lẹ́yìn ọgbà, lóru tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú.
Ìyẹ́ apá pẹ́pẹ́yẹ ni ọkọ mi fi kọ ọ́;
a ti jẹ ẹran rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún Mátíìnì Mímọ́,
a lá ìka.
Oje aáyù àti oyin ni mo fi tẹ́lẹ̀ fún wúrà,
mo mí èémí gbígbóná sí i kó lè lẹ̀ dáadáa.
Ẹni tó bá lá ojú ewé yẹn,
ebi ò ní pa á sùn.

Ìyáàfin ilé olódi ló ní ká ṣe é:
oṣù méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ oko tirẹ̀.
"Àwọn àgbẹ̀ yẹn," ló wí,
"kí ṣòkòtò wọn ó mọ́."

Ọdún náà, òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde,
kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́.
Àlìkámà hu èéhù lórí ìdúró,
búrẹ́dì kan di owó àgùntàn ní Árásì,
èmi sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mò ń kun Oṣù Kẹjọ:
ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ ba, dòjé lọ́wọ́ wọn,
ìtí ọkà tí mo fi wúrà gidi bò,
obìnrin kan ń bọ̀ láti abúlé
pẹ̀lú ìṣà bíà, pẹ̀lú wàràkàṣì nínú aṣọ.

Oubert, tí mo ya ojú rẹ̀ sí Oṣù Keje,
wá sẹ́nu ọ̀nà wa lálẹ́ ọjọ́ kan.
Omi tí mo fi se ẹ̀wà ló ń tọrọ.
Mo gbé àtùpà, mo fi ara rẹ̀ hàn án lójú ewé.
Ó wò ó pẹ́.
Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò sanra tó báyìí rí."
Ó tún wo Oṣù Kẹjọ.
Ó ní, "Ta ló wá jẹ gbogbo ọkà yìí?"
Mo bu omi ẹ̀wà fún un.

Adìẹ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́,
ẹyin kan lọ́jọ́ méjì, ìgbà mìíràn lọ́jọ́ mẹ́rin.
Mo ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ojú ọ̀run Oṣù Kẹfà,
kí n fi funfun rẹ̀ po òkúta aró
tó la òkun kọjá kó tó dé ọwọ́ mi.
Ilẹ̀ mọ́: èèpo nìkan ló wà nínú àwo,
mímọ́ tónítóní.
Bertoul, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pupa ẹyin ní àgbọ̀n rẹ̀.
Mo gbé ọwọ́ sókè.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀.
Omi lásán ni mo fi po ọ̀run.

Wọ́n ní ó ti ń ṣí báyìí bí èèpo àlùbọ́sà,
pé ìyáàfin ń bínú, pé wọ́n ń bèèrè mi.
Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bèèrè.
Bertoul ti ní irùngbọ̀n, ó ń tẹrí ba wọlé.
Bí mo bá sì rántí ìwé yẹn,
wúrà kọ́ ló máa ń dán lójú mi,
àgbọ̀n ọmọ náà ni.