Ẹyin Ilé Kẹta

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìlíṣàn,
èmi àti Músìlíátù ti fọ ọwọ́ wa dé ìgúnpá,
a ti ki bàtà rọ́bà bọ omi oògùn lẹ́nu ọ̀nà,
a ti paná yàrá, ó ku àtùpà kan ṣoṣo
tí a dé mọ́ inú páálí,
àfi ihò kan tí kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ.

Mo gbé ẹyin lé ihò náà. Mo yí i.
Ó pọ́n bí etí ọmọdé tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mo wá ojú ẹ̀jẹ̀, mo wá ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ,
mo wo àyè afẹ́fẹ́ ní ìdí rẹ̀:
bó bá ti fẹ̀, ẹyin ọ̀hún ti dàgbà ju bí olówó rẹ̀ ṣe wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá mi fi ṣa obì ní Ṣàgámù.
Kì í fojú ṣà á; àtàǹpàkò ló fi ń kà á.
"Èyí ní kòkòrò," yóò wí, kí n tó rí ihò kankan.
Ó ní àwọn tó ń rà á lókè Ọya kò mọ orúkọ òun,
ṣùgbọ́n bí agbọ̀n bá dé Kánò tó bá jẹrà,
òun náà ti jẹrà níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.
Èmi mọ ẹyin tí kì í balẹ̀,
tí kì í fọ́, tí kì í rùn,
tó kàn ń purọ́.

Bí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn mìíràn á rì í sómi tútù.
Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n adìẹ ti fi aṣọ kan wọ ẹyin
tí ojú wa kò rí; omi á bọ́ ọ,
ìdọ̀tí á gba ẹgbẹ̀rún ẹnu-ọ̀nà wọlé.
Gbígbẹ la ń nù tiwa. Èyí tí kò mọ́, a yà á sọ́tọ̀.
Ńlá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde,
wẹ́wẹ́ fún oníbúrẹ́dì Ìpẹ́rù
tó jẹ wá ní gbèsè láti ọjọ́ iléyá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé kẹta ń mu oògùn,
ẹgbẹ̀rún méjì adìẹ ń sín bí ará ìjọ nígbà ọyẹ́.
Ìyáàfin Ọdúnewú, oníṣègùn ẹran tí ìjọba rán sí wa,
ti kọ ọ́ mọ́ ara ògiri: títí ọjọ́ méje lẹ́yìn oògùn,
ẹyin wọn kò gbọdọ̀ dé ọjà.
Alàgbà Ṣówándé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò wọlé,
torí kò tíì ki ẹsẹ̀ bọ omi oògùn.
Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wo owó àgbàdo.
Ta ni yóò rí oògùn nínú ẹyin?
Gbé e síwájú àtùpà rẹ, kí o fi hàn mí."

Mo gbé e.
Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìlà.
Ó pọ́n bí etí ọmọdé.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi níbi tó dùn mí:
àtùpà mi fọ́jú.

Mo mú bírò tí a fi okùn so mọ́ tábìlì.
Mo kọ ọ́: Ilé kẹta. Kéréètì mọ́kànlélógójì. A kò tà á.
Ọwọ́ mi gbọ̀n lórí "kò", mo tún un kọ.
Alàgbà na ọrùn wo ìwé náà, ó wò ó pẹ́.
Ó pòṣé. Ó ní kí a gbẹ́ kòtò náà kó jìn,
kí ajá má baà hú u.

Ìrọ̀lẹ́ la dà wọ́n nù, lẹ́yìn àwọn igi obì.
Músìlíátù ń kà á, ó ń sunkún owó tí kì í ṣe tirẹ̀.
A bu eérú lé e, a tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn.
Mo délé, mo wẹ̀, mo jókòó síwájú oúnjẹ,
àtàǹpàkò mi ṣì ń yí
ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi.