Irun Lórí Ẹ̀dọ̀fóró

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀wù òjé kọ́rùn
ní yàrá ẹ̀síréè, lábẹ́ àpáta Ìkẹ́rẹ́.
Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí:
bó bá pọ̀ jù, a jó ni;
bó bá kéré jù, àwòrán a bò bí òkè nínú ọyẹ́.
Físíìsì ìṣègùn ni wọ́n ń pè é.
Màmá mi ní, "Ṣé dókítà ni ọ́ ni àbí oní-fọ́tò?"
Mo ní, "Àárín méjèèjì ni mo wà."

Àwòrán pọ̀, ẹni tí yóò kà á ni kò sí.
Dókítà kan ṣoṣo, Ìbàdàn ló ń gbé,
ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá, bí epo bá wà lọ́kọ̀.
Bàbá Ajíbóyè láti Ìgbàrà-Odò
dúró de èsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé.
Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti sin ín.

Láti ọjọ́ náà ni òru ti di ilé ẹ̀kọ́ mi,
àtùpà sólà lókè orí, kọ̀ǹpútà lórí itan,
mò ń kọ́ bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ:
kó wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyà
títí yóò fi dá èyí tó ń ṣàìsàn mọ̀.
Èyí tí wọ́n ti kọ́ lókè òkun ni mo kọ́kọ́ gbé wá.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin méje wọlé,
ó ní ikọ́ ife ń ṣe mẹ́fà.
Mẹ́fà kẹ̀! Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí káwọ́ lérí.

Mo tẹjú mọ́ òjìji tó wà lókè ẹ̀dọ̀fóró.
Ó lọ́, ó tún lọ́.
Mo rántí ìsọ̀ Màmá ní Odò-Ọjà,
orí mi láàárín itan rẹ̀, òòyà lẹ́nu rẹ̀,
pín in sí mẹ́ta, lọ́, fà, lọ́.

Irun ni! Irun tó wọ́ dé èjìká.
Ẹ̀rọ yìí kò rí onídìrí rí.

Mo fi bébà bo orúkọ wọn, mo ránṣẹ́ pe Màmá,
Màmá tó ṣì ń pe ilé ní ulé.
Ó fìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà:
"Òwú ni wọ́n fi kó èyí, ó ti tó oṣù kan.
Ẹni tó di èyí kò mọ irun dì.
Irun ni èyí náà. Irun nìyẹn.
Èyí..."
Ó dákẹ́, ó sún mọ́ ọn.
"Èyí kì í ṣe irun, ọmọ mi."

Mo ṣí bébà kúrò lórí orúkọ náà, mo sáré jáde.
Ó ṣì wà ní géètì, ó ń ná ọ̀kadà.